Awakọ̀ Tí Kì Í Tú Ẹrù

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, igba páálí ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìpàdé àdúgbò. Ọgọ́jọ ló dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ogójì tí kò dé nìkan ló wúlò.

Awakọ̀ tó gbé wọn ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Èdìdì. Orúkọ náà bá a mu. Láti ìgbà tó ti ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù, kò tú páálí kankan wò rí. Bí o bá ṣe dì í fún un ni yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, okùn rẹ̀ kò ní dẹ̀, téèpù rẹ̀ kò ní ká. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fi ọ̀rá rán an sí ìyá rẹ̀, kò ní yọjú wo inú ọ̀rá náà. Nígbà kan, wọ́n gbé páálí kan fún un tí aago wà nínú rẹ̀, aago náà sì ń dún lóòrèkóòrè. Èdìdì rò pé àdó olóró ni. Ó laágùn láti ibi tó ti gbéra títí dé ibi tó ń lọ, aṣọ rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ṣubú sódò, àmọ́ kò fọwọ́ kan téèpù. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní bí wọ́n bá di ikú sínú páálí fún Èdìdì, yóò gbé e dé ilé onílé, yóò sì ní kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí i pé ó pé.

Ìṣòótọ́ ni àwọn èèyàn ń pe ìwà yìí. Ìyàwó rẹ̀ ń fi í yangàn. Àmọ́ ìṣòótọ́ kọ́. Ẹ̀rù ni. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, páálí kan ya mọ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ẹlẹ́rù ní nǹkan ti dín níbẹ̀. Wọ́n na ọmọkùnrin náà lójú gbogbo ayé, wọ́n tì í mọ́lé, etí rẹ̀ kan kò sì gbọ́ nǹkan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹlẹ́rù padà rí ohun tó ń wá nílé ara rẹ̀, kò sì padà wá bẹ ẹnikẹ́ni. Èdìdì dúró níbẹ̀, ó ń wò. Láti ìgbà náà, bí ìka rẹ̀ bá ti kan téèpù ẹlẹ́rù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tutù. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èdìdì sá fún ekòló títí ó fi darúgbó, wọ́n sì ń yìn ín fún un.

Oṣù kọkànlá yẹn ni ilẹ̀ mì tìtì ní orílẹ̀-èdè kejì, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ọmọ náà lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló bímọ sí. Àárọ̀ ni ilẹ̀ mì, ilé tó wó kò lóǹkà. Àwọn tí ilé kò wó pa ń mu omi tí òkú wà nínú rẹ̀. Nígbà tí fóònù nọ́ọ̀sì padà wọlé, inú àgọ́ kan tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn ló wà. Àwọn ọmọdé ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ń bì, ojú wọn ń jìn wọnú. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun ń fẹ́: omi dírípù tí wọ́n ń fà síni lára, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti rọ́bà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má kó aṣọ wá. Ó tún un sọ fún ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní a, b, d. Kí fóònù tó já, ó sọ ọ́ pé àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tòun náà.

Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, ó di etí ìkòkò òfìfo kan mú.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì," ó pe ọkọ rẹ̀, "ọmọ yẹn kò ju ohun tí mo lè fi apá kan gbé lọ. Kí ni omi fẹ́ wá rí nínú rẹ̀ tó máa dà jáde?"

Èdìdì gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

Àdúgbò ti gbé ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ kan dìde. Alága rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò lè fara da kí ojú rẹ̀ má hàn. Wọ́n gbé tábìlì síwájú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí wọn kò fẹ́ mọ́ wá. Bó ṣe rí nìyẹn. Ilé ni wọ́n ń gbá, tí wọ́n ń pe pàǹtí rẹ̀ ní ìfẹ́. Obìnrin oníkẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta nìkan ló béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́hùn-ún, ìyàwó Èdìdì ló sì bi. Ó kó gbogbo dírípù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yá kún un lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míìsì mìíràn, ó dì í sí ogójì páálí, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ ohun tó wà nínú wọn gàdàgbà gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra, àwọn èèyàn alága dé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti ìdì bébà. Àwòrán alága ló wà lára bébà náà, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ẸBÙN ÌFẸ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbogbo páálí, kí ayàwòrán lè rí i níbi yòówù tó bá dúró sí. Wọ́n fi bo ọ̀dà pupa mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Oníkẹ́míìsì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èdìdì wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń yẹ bíréèkì wò, kò rí ọ̀dà náà rárá. Nígbà tó jáde, igba alága ló ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sì sí bí a ṣe lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda láti wa ọkọ̀ náà. Nígbà tí alága béèrè nínú ìpàdé ta ni yóò lọ, ẹsẹ̀ ara wọn ni gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń wò. Èdìdì na ọwọ́ sókè. Ó tètè kì í bọ àpò padà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe mẹkáníìkì, ní òun máa bá a lọ. Ó ní ọkọ̀ yẹn kò gun òkè rí, àwọn méjì ló sì yẹ kó wà níbẹ̀, kí ọ̀kan máa wà á, kí èkejì máa bẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀.

"Èwo ni dírípù nínú wọn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èwo ni?"

"Ṣé èmi ni mo dì í ni?" Èdìdì fèsì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Obìnrin náà wò ó gba ojú fèrèsé bí ẹni ń wo iná tó ti mú aṣọ ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún kò sì tíì mọ̀. Ó kúrò lójú ọ̀nà.

Ní ẹnubodè, sọ́jà kan ka páálí wọn. Ó ṣàlàyé fún wọn láìbínú pé àwọn jàǹdùkú ń já ẹrù ìrànlọ́wọ́ gbà lójú ọ̀nà, tí àwọn awakọ̀ mìíràn sì ń tà á. Páálí tí téèpù rẹ̀ bá ti já, olè ló gbé e. Lásìkò yìí, olè kì í dé ilé ẹjọ́. Ó fọwọ́ pa ìbọn rẹ̀ lára bí ẹni ń pa ajá lórí, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Àtẹ́lẹwọ́ Èdìdì tutù, kò sì móoru mọ́ ní gbogbo ìrìn àjò náà.

Òkè wà lápá kan ọ̀nà, ọ̀gbun wà lápá kejì. Títì ti ya níbì kan, wọ́n fi òkúta dí i, òkúta náà sì ń mì lábẹ́ táyà bí eyín tó fẹ́ yọ. Wọ́n kọjá ilé alájà méjì kan tí ògiri iwájú rẹ̀ ti ṣubú pátá. Yàrá òkè hàn síta bí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibùsùn wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, bàtà ilé wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí èèyàn. Ilẹ̀ tún mì. Èdìdì kọ́kọ́ rò pé táyà ló bẹ́. Lẹ́yìn náà ni òkúta kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ láti òkè, wọ́n ń kan orí ọkọ̀ kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n dáhùn. Èdìdì fẹ́ gbàdúrà, àmọ́ orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń wá sí i lẹ́nu, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá pè é jù, nǹkan mìíràn lè gbọ́ ọ.

Láti ilé ni mẹkáníìkì ti ń dápàárá. Ó ní kò sí ikú tó máa dúró níwájú eyín alága ní igba ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń gòkè sí i, ó dákẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ba Èdìdì gan-an. Bí ẹni tó mọ àrùn ọkọ̀ bá dákẹ́, ohun kan ló ń gbọ́.

Wọ́n dé afárá. Àfonífojì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn, odò ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú òpó afárá ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sọ́jà tó ń ṣọ́ ọ wo ọkọ̀ wọn, ó mi orí. Ó ní ọkọ̀ náà kò lè kọjá bó ṣe wúwo tó yẹn. Kí wọ́n sọ ìdajì ìwúwo rẹ̀ kalẹ̀ sí etí odò níhìn-ín, kí wọ́n gbé ìyókù kọjá, kí wọ́n sì padà wá kó o bí ilẹ̀ bá gbà. Ó fún wọn ní tapólì tí wọ́n máa fi bò ó, nítorí òjò ti ṣú. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró sí etí afárá, ó ń wo òpó yẹn. Fóònù kò lọ níbẹ̀.

Wọ́n tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Igba ẹ̀rín yọ sí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," mẹkáníìkì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká tú u."

"Ká tú kí ni?"

"Páálí. Ká mọ èyí tí ọmọ ń fẹ́, ká gbé ìyẹn kọjá, kí ìyókù máa gba ìrì níbí."

Èdìdì ní kò sẹ́ni tó máa tú ohunkóhun. Mẹkáníìkì gbé páálí kan, ó fẹ́ẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wúwo jù. Ó mì í létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Omi ni."

"Ọṣẹ olómi náà ń dún bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n pe sọ́jà. Kó dúró tì wá, ká tú ẹyọ kan péré lójú ẹ̀. Ta ló máa pè wá lólè lójú sọ́jà?"

Èdìdì wo sọ́jà náà. Ó wo ìbọn èjìká rẹ̀. Láàárín òun àti sọ́jà kò ju ibi tí èèyàn lè ju òkò dé lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù kó sọ. Ó rí ọmọkùnrin tí wọ́n nà nígbà èwe rẹ̀, ó rí bó ṣe fi ọwọ́ bo etí.

"Má pè é."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́hùn-ún."

"Ọmọ tèmi ni. Mo ní má pè é."

Ó wá ṣe ohun tí awakọ̀ akẹ́rù máa ń ṣe. Ó ka orí páálí. Bó bá sọ àwọn tó wúwo kalẹ̀, díẹ̀ ló máa kù sẹ́yìn, púpọ̀ ló máa dé. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tí púpọ̀ bá dé lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe dáadáa. Ó tún bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òògùn kì í wúwo, àti pé nínú èyí tó pọ̀ ni ohun rere máa ń wà. Kò gbà á gbọ́. Ó kàn nílò ohun tó máa sọ. Wọ́n gbé ogójì páálí tó wúwo jọ sí etí odò, mẹkáníìkì ń gbé e láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì fi tapólì bò ó.

Mẹkáníìkì rìn ṣíwájú lórí afárá, ó ń juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Èdìdì wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e ní jíà kìíní. Irin ń ké lábẹ́ wọn bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ní àárín afárá, nǹkan kan rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Èdìdì kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ẹ̀yìn ọrùn àbúrò ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń wò títí táyà iwájú fi kan ilẹ̀.

Àgọ́ náà wà ní pápá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tó wó. Kí wọ́n tó rí i ni òórùn rẹ̀ ti pàdé wọn. Nọ́ọ̀sì sáré jáde, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Kò kúnlẹ̀, kò kí wọn, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ẹnu àgọ́, Èdìdì rí inú rẹ̀: àwọn ọmọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn àpò dírípù tó ti gbẹ so rọ̀ lórí okùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ń wá ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárín wọn. Gbogbo wọn jọra. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nìyẹn, pé ojú wọn ti jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè mọ tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi àlùmọ́gàjí ya páálí àkọ́kọ́. Aṣọ ìyàwó funfun ló wà níbẹ̀, ọtí ti ta sí i. Ó ya òmíràn. Bàtà onígìgísẹ̀ gíga, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ó ya òmíràn, ó ya òmíràn. Táì ọrùn. Òdòdó oníke. Kòtù tó ń rùn. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, alága ń rẹ́rìn-ín ní oṣooṣù. Kò bínú, kò pariwo. Ó ń ya wọ́n lọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀.

"Dírípù dà, Bàbá?"

"Ogójì ṣì wà lẹ́yìn odò. Àwọn tó wúwo."

Nọ́ọ̀sì ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Ẹ ò tú u wò?"

Nọ́ọ̀sì ti yíjú padà sínú àgọ́.

Wọ́n fi ọkọ̀ òfìfo sáré padà lábẹ́ òjò. Wọn kò tíì dé afárá nígbà tí ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí òkè ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, kò sí afárá mọ́. Sọ́jà náà wà lódìkejì, ó wà láàyè, ó jókòó sórí òkúta, ó gbé orí lé eékún. Atẹ́gùn ti gbé tapólì lọ. Ogójì páálí wà níbẹ̀ nínú òjò. Omi ti tú gọ́ọ̀mù, àwọn ojú alága ń bọ́ lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Òjò kò rí ọ̀dà pupa gbé ṣe. Àwọn méjèèjì kà á láti ibi tí wọ́n dúró: OMI DÍRÍPÙ. Ó wà lára gbogbo wọn.

Mẹkáníìkì kò sọ pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Ì bá sàn kó sọ ọ́. Èdìdì jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀, ó sì fi ọwọ́ bo etí rẹ̀ kan.

Wọ́n padà ta okùn sórí odò, wọ́n sì fa díẹ̀ nínú páálí náà kọjá. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọmọ mẹ́rin ti kú nínú àgọ́. Ọmọ-ọmọ Èdìdì kò sí lára wọn. Egungun ló kù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè. Èyí ni àwọn ará àdúgbò ń sọ báyìí bí wọ́n bá fẹ́ parí ìtàn náà: wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yè. Àwọn mẹ́rin tó kú náà ní bàbá àgbà.

Nígbà tí Èdìdì padà dé, alága pe ìpàdé ọpẹ́. Ó kéde pé ọgọ́jọ nínú igba ló dé láyọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Oníkẹ́míìsì dìde, ó béèrè ogójì tirẹ̀. Wọ́n ní àkókò ti lọ. Wọ́n ní kí Èdìdì bọ́ síwájú. Ó bọ́ síwájú, ó gba ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì tó dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò rí àwáwí kankan tó bá èyí mu.

Ó ṣì ń wakọ̀. Ọ̀bẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀ báyìí, bí o bá gbé ẹrù fún un, yóò ní kí o tú u lójú òun kí òun tó gbé e. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rù ti fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ìwà rẹ̀ ti yí padà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń tutù bí ọ̀bẹ bá ti kan téèpù. Nọ́ọ̀sì máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Kì í béèrè bàbá rẹ̀.

Ilẹ̀ máa tún mì níbì kan. Wọ́n á tún gbé tábìlì síwájú gbọ̀ngàn. Ìwọ tí ò ń ka èyí, páálí kan wà nílé rẹ tí o ti ń ronú láti kó jáde. Ṣí i. Wo inú rẹ̀. Bí o kò bá ní lè gbé ohun tó wà níbẹ̀ fún ọmọ tìrẹ lọ́jọ́ tó ń kú lọ, gbé e lọ sí ààtàn, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lẹ ojú ara rẹ̀ mọ́ ohun tí o kọ síbẹ̀, já a dànù lójú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwọ ni wọ́n gbé ẹrù lé lọ́wọ́, ẹ̀rù á bà ọ́. Pe sọ́jà náà. Tú u.